Kíkó orin inú sídì sínú kọ̀ǹpútà: ọ̀nà wo ni kò ní jẹ́ kí a tún iṣẹ́ náà ṣe?

Àpótí-Sídì béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní sídì orin tí kò dín ní 200 nínú àpótí, mo sì fẹ́ kó gbogbo wọn sínú kọ̀ǹpútà kí n lè máa gbọ́ wọn lórí fóònù àti nínú ọkọ̀. Mo ti dáwọ́ lé e nígbà kan. Ètò tó bá kọ̀ǹpútà náà wá ni mo lò, n kò yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀, mo kàn ń ki sídì bọ ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Bí ó bá ti pọ ọ̀kan jáde, n ó ti òmíràn bọ̀ ọ́. Ìgbà tí mo kó sídì 42 tán ni mo tó fi ohun ìgbọ́rin sétí láti yẹ iṣẹ́ mi wò, mo sì rí i pé ìró kan ń ta tà-tà-tà nínú orin mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí nígbà tí mo bá fi sídì kan náà sínú ẹ̀rọ ìgbọ́rin tó wà ní yàrá ìgbàlejò. Mo tún rí i pé MP3 oní-128, ìyẹn kílóbíìtì 128 fún ìṣẹ́jú àáyá, ni gbogbo fáìlì náà. N kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Kí ló fa ìró yẹn, irú fáìlì wo ni kí n kó wọn sí, ètò wo sì ni ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é ń lò?

Àgbà-Olùgbọ́ fèsì pé:

Ẹ jẹ́ kí n ti orí ìró náà bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ ohun tó fà á ni yóò mọ ìdí tí a fi ń ṣe ìyókù bí a ṣe ń ṣe é. Kò sí fáìlì kankan nínú sídì orin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà a máa to orin inú rẹ̀ sójú bí ẹni pé fáìlì ni wọ́n. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tó ń yí láti àárín àwo lọ sí etí rẹ̀, nọ́ḿbà ni wọ́n sì kọ sínú ìlà náà: nọ́ḿbà 44,100 fún ìṣẹ́jú àáyá kan ní apá òsì, iye kan náà ní apá ọ̀tún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ bíìtì 16. Philips àti Sony ló fẹnu kò lórí ìlànà yìí ní 1980, sídì sì jáde sọ́jà ní 1982. Ẹ̀rọ tí yóò máa ka orin lọ láìdúró ni wọ́n ní lọ́kàn, wọn kò ro ti kọ̀ǹpútà mọ́ ọn.

Wọ́n pín ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan sí apá 75, apá kọ̀ọ̀kan gba báìtì 2,352, orin ló sì kún gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ máa kó fáìlì sínú irú àwo yìí, báìtì 2,048 péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún fáìlì nínú apá kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ṣọ́ fáìlì náà, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ bí ó bá ṣì í kà, kí ó sì tún un ṣe. Sídì orin kò ní olùṣọ́ kejì yìí. Olùṣọ́ kan ṣoṣo, èyí tí àwo orin àti àwo fáìlì jọ ní, ló ní, bí ìdọ̀tí tàbí ojú họhọ bá sì ti pọ̀ ju agbára olùṣọ́ yẹn lọ, ẹ̀rọ yóò méfò ni: yóò wo nọ́ḿbà tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, yóò sì fi èyí tó bọ́ sí àárín méjèèjì dí àlàfo náà. Ẹ̀rọ ìgbọ́rin yín mọ èyí ṣe, ó sì ń kàwé rẹ̀ jẹ́jẹ́. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà ń sáré ní tirẹ̀, eré náà lè tó ìlọ́po 40 tàbí 52, ètò tí ẹ lò kò sì bi í léèrè bóyá ohun tó kà dá a lójú. Ibẹ̀ ni tà-tà-tà yẹn ti wọlé.

Má-Dín-Kù fèsì pé:

Ní ti irú fáìlì, FLAC ni kí ẹ lò. Orin sídì bó ṣe wà gan-an ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 10 fún ìṣẹ́jú kan, ìyẹn kílóbíìtì 1,411 fún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú WAV, ṣùgbọ́n WAV kò mọ orúkọ orin àti ti olórin í pa mọ́ dáadáa, ó sì ń gba àyè lásán. FLAC, tó jáde ní 2001, a máa fún un pọ̀ títí yóò fi kù bí ìdajì tàbí kí ó lé díẹ̀, láìyọ ohunkóhun kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá tú u, bíìtì tó wọlé náà ni yóò jáde. Ẹni tó lo FLAC ká aṣọ rẹ̀ dáadáa kí ó tó kó o sí àpótí. Ẹni tó lo MP3 fi àlùmọ́gàjí gé etí aṣọ kí àpótí lè pa dé. Ìpele 0 sí 8 tí ẹ óò bá nínú ìṣètò FLAC kò kan bí orin ṣe ń dún rárá, àsìkò tí kọ̀ǹpútà yóò fi ṣiṣẹ́ àti ìwọ̀n fáìlì nìkan ló kàn, nítorí náà ẹ fi sí 5 tó bá a wá, kí ẹ gbàgbé rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ nípa rẹ̀. Inú fáìlì FLAC kọ̀ọ̀kan ni nọ́ḿbà àyẹ̀wò kan wà, tí wọ́n ṣírò láti ara orin náà kí wọ́n tó fún un pọ̀. Ní ọdún mẹ́wàá òní, bí ẹ bá pa á láṣẹ fún ètò náà pé `flac -t`, yóò ka fáìlì yín tán, yóò sì sọ fún yín bóyá ó ṣì pé tàbí dísìkì ti bà á jẹ́. MP3 kò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ Apple nìkan ni ẹ ń lò, ALAC, irú fáìlì tiwọn, yóò ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ẹ sì lè sọ ọ̀kan di èkejì nígbàkigbà láìpàdánù ohunkóhun.

Ẹsẹ̀-Yá fèsì pé:

Ẹ má bínú, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ó dà bí ẹni pé ẹ ń dẹ́rù ba ẹni tó béèrè. Mo ní kí ọ̀rẹ́ mi kan da FLAC àti MP3 pọ̀ mọ́ra wọn, kí ó máa lù wọ́n fún mi láìsọ èyí tó jẹ́ èyí. MP3 náà jẹ́ èyí tí ètò LAME ṣe ní ìpele V0, tó máa ń wà ní nǹkan bíi kílóbíìtì 245 fún ìṣẹ́jú àáyá. Nínú ìgbà 20, mo gba 11, ìyẹn ni pé bí ẹni ju owó ẹyọ sókè ni. Inú ọkọ̀ tó ń pariwo ni wọ́n fẹ́ ti máa gbọ́ ọ, kí wá ni FLAC fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Má-Dín-Kù fèsì pé:

Òótọ́ lẹ sọ nípa ti etí, n kò sì ní bá yín jiyàn, nítorí èmi náà gba 12 nígbà tí wọ́n dán mi wò. Ìdí tèmi kò sí nínú etí. Nínú FLAC, a lè yọ MP3, AAC, Opus àti irú fáìlì yòówù tó bá tún máa dé lọ́la, kí ó sì dà bí ẹni pé inú sídì la ti yọ ọ́. Láti inú MP3, gbogbo ìgbà tí a bá yí i padà la ń gé nínú èyí tí a ti gé tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tó béèrè bá sọ MP3 oní-128 rẹ̀ di oní-320 báyìí, fáìlì yóò tóbi sí i, ohun tó ti lọ kò ní padà, àtúnṣe kan ṣoṣo tó sì wà ni kí ó tún sídì 42 yẹn kó. Kí ó fi FLAC sílé, kí ó ní kí kọ̀ǹpútà ṣe V0 tiyín yẹn láti inú rẹ̀ lóru nígbà tí òun bá ń sùn, kí ó kó ìyẹn lọ sínú ọkọ̀.

Ẹsẹ̀-Yá fèsì pé:

Bí a bá sọ ọ́ báyìí, mo gbà. Èmi gan-an ti kó tèmi lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá-Àkójọ fèsì pé:

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti kó sídì tó lé ní 900, ètò tí ènìyàn lò sì ni mo rí i pé ó ṣe pàtàkì jù, ju irú fáìlì lọ pàápàá, nítorí FLAC yóò pa àṣìṣe mọ́ dáadáa bó ṣe ń pa orin mọ́.

Lórí Windows, Exact Audio Copy, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní EAC, ni mo ń lò láti ọdún pípẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹni tó ń lò ó nílé. dBpoweramp náà dára, ó sì rọrùn ju EAC lọ láti lóye, ṣùgbọ́n wọ́n ń tà á ni. Lórí Mac, ẹ wá XLD. Lórí Linux, ẹ wo whipper, tí iṣẹ́ rẹ̀ dúró lórí cdparanoia, baba ńlá irú ètò báyìí. Ohun tó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé wọn kò gba ohun tí ẹ̀rọ bá sọ lẹ́ẹ̀kan gbọ́. Bí ẹ bá fi EAC sí ipò ààbò, yóò ka apá kọ̀ọ̀kan ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìdáhùn méjèèjì kò bá bá ara wọn mu, yóò tún un kà, ó sì lè tún apá kan ṣoṣo kà tó ìgbà 82 kí ó tó sọ pé òun kò lè dá a mọ̀. Ìdí nìyẹn tí sídì tó mọ́ fi lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí èyí tó ti họ sì gbà yín ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ó máa ṣe é, kí ẹ lọ ṣe nǹkan mìíràn.

Ẹ̀rọ lè tún àṣìṣe kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kíkà lẹ́ẹ̀mejì nìkan kò sì lè mú un. Ibẹ̀ ni AccurateRip ti wúlò. Ó jẹ́ ibi ìkójọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní orin kankan nínú, nọ́ḿbà àyẹ̀wò nìkan ló wà níbẹ̀, èyí tí àwọn tó ti kó sídì kan náà ṣáájú yín fi ránṣẹ́. Bí ètò yín bá kó orin kan tán, yóò ṣírò nọ́ḿbà tiyín, yóò sì fi wé tiwọn. Bí ẹni 30 tí ẹ kò mọ̀ rí bá ti rí nọ́ḿbà kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ 30 tó yàtọ̀, kò sí àṣìṣe tó lè ṣe gbogbo wọn bákan náà, iṣẹ́ yín ti pé. Kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀, ètò náà gbọ́dọ̀ mọ irú ẹ̀rọ tí ẹ ní, nítorí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn ibi tó yẹ kí orin ti bẹ̀rẹ̀ gan-an: òmíràn fi nọ́ḿbà 6 yà, òmíràn fi 667. Kò sí etí tó lè mọ̀ ọ́n, torí pé 667 pàápàá kò ju ìdá kan nínú 66 ìṣẹ́jú àáyá lọ, ṣùgbọ́n yóò ba ìfiwéra jẹ́. Bí ẹ bá ti fi sídì mélòó kan tó gbajúmọ̀ sínú ẹ̀rọ ní ìgbà àkọ́kọ́, ètò náà yóò fúnra rẹ̀ rí iye náà.

Bí ibi ìkójọ kò bá mọ sídì yín, bóyá nítorí pé ẹ̀dà rẹ̀ kò pọ̀ tàbí pé ẹnìkan ló fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́ sórí àwo òfìfo, ẹ kó o lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ yọ ọ́ jáde láàárín méjèèjì, kí ẹ sì fi nọ́ḿbà wọn wéra. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ méjì tí kì í ṣe irú kan náà, ẹ lo ọ̀kan fún ti àkọ́kọ́ àti èkejì fún ti ìkejì.

Aṣọ-Rírọ̀ fèsì pé:

Kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, ẹ wẹ sídì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ kan, aṣọ rírọ̀ tí òwú kì í já lára rẹ̀. Láti àárín ni kí ẹ ti máa nù ún tààrà bọ̀ wá sí etí, ẹ má ṣe nù ún yípo. Ìdí rẹ̀ ni pé ìlà orin ń yípo. Bí aṣọ bá họ ọ́ ní ìdábùú, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò pa nínú yíyí kọ̀ọ̀kan, olùṣọ́ tí Àgbà-Olùgbọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò sì rí i dí. Bí ó bá họ ọ́ tẹ̀ lé ìlà, ọ̀pọ̀ nọ́ḿbà tó wà lórí ìlà kan ló máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣọ́ ojú tó ń dán, wọ́n sì ń da ojú tí àwòrán wà délẹ̀. Ojú àwòrán yẹn ló yẹ kí a bẹ̀rù fún jù. Ike tó tó bíi mìlímítà kan ló bo orin ní apá tó ń dán, ibi tó bá sì họ lára ike náà ṣì ṣeé dán. Lábẹ́ àwòrán, ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ló bo irin tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Bí ó bá bó, orin ibẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ gbé sídì sókè sí iná, bí ẹ bá rí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ẹ má fi ọjọ́ yín ṣòfò lórí fífọ̀.

Àmì-Ohùn fèsì pé:

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí orúkọ, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti pẹ́ jù, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún mi. Sídì púpọ̀ kò ní orúkọ orin kankan nínú. Ètò yín yóò wo iye orin àti bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, yóò sì lọ béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé sídì wo ló rí báyìí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, freedb, ti pa ìlẹ̀kùn dé ní 2020, nítorí náà bí ètò àtijọ́ bá ń sọ fún yín pé kò rí nǹkan, ẹ lo èyí tó mọ bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ MusicBrainz, ibi ìkójọ orúkọ orin mìíràn. Ẹ má gba ohun tó bá mú wá láìkà á, torí ènìyàn bí àwa náà ló tẹ̀ ẹ́, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti fi orúkọ onílù sí àyè olórin. Fún sídì tí olórin púpọ̀ kópa nínú rẹ̀, ẹ kọ orúkọ kan náà sí àyè Album Artist (olórin tó ni sídì lápapọ̀) fún gbogbo orin inú rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fóònù yóò fọ́ sídì kan sí ọ̀nà 15.

Ní ti èdè wa, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Lẹ́tà bíi ẹ́ kò ní nọ́ḿbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ḿbà. Ẹnìkan lè kọ ẹ tó ti ní àmì abẹ́, kí ó wá gbé àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀ láti orí é, kí ó wá fi àmì abẹ́ sí i. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú ọ̀pọ̀ ètò, nítorí náà olórin kan ṣoṣo lè hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú àkójọ yín, kí ẹ sì wá a títí láìrí i. Bọ́tìnnì kan náà tàbí ètò ìkọ̀wé kan náà ni kí ẹ máa fi tẹ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú FLAC kò sí wàhálà fún àmì, UTF-8, ọ̀nà kan tí a fi ń kọ Unicode, ló ń lò. Inú MP3, ID3 ni wọ́n ń pe ibi tí orúkọ ń wà, ẹ yan ID3v2, torí ID3v1 kò gba ju lẹ́tà 30 lọ fún orúkọ orin, kò sì mọ lẹ́tà wa rárá.

Àgbà-Olùgbọ́ fèsì pé:

Ohun kékeré kan tí ẹ kò tíì dárúkọ. Nínú sídì tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú agbo, orin kan máa ń wọ inú òmíràn láìsí ìdákẹ́. FLAC kò ní dá a dúró, ṣùgbọ́n MP3 a máa fi ìdákẹ́ díẹ̀ kún ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí, àfi bí LAME bá ti kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ tí ẹ̀rọ tó ń lù ú sì mọ̀ ọ́n kà. Ẹ tún wo bóyá àlàfo gígùn wà ṣáájú orin kìíní. Wọ́n máa ń fi orin pa mọ́ síbẹ̀ nígbà mìíràn, ẹni tó bá kó sídì láìwò ó yóò fi í sílẹ̀.

Ìyá-Àkójọ fèsì pé:

Sídì 200 ní FLAC yóò gbà tó bíi gígábáìtì 70. Kò pọ̀ mọ́ láyé òde òní, ẹ ṣe ẹ̀dà méjì sórí dísìkì méjì, kí ọ̀kan má ṣe máa gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú èkejì. Ẹ má sì ta sídì náà. Òfin nípa ẹ̀dà tí ènìyàn ṣe fún ara rẹ̀ yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn: Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fàyè gbà á ní oṣù kẹwàá 2014, ilé ẹjọ́ sì wọ́gi lé e ní oṣù keje 2015. Ẹ wo ti ibi tí ẹ wà.

Àpótí-Sídì fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun, Ìyá-Àkójọ, mà. Mo ti pa MP3 sídì 42 yẹn rẹ́, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú EAC. Mo ti kó sídì 60. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta bá ti AccurateRip mu ní ìgbà àkọ́kọ́, méjì tún bá a mu lẹ́yìn tí mo wẹ̀ wọ́n bí Aṣọ-Rírọ̀ ṣe sọ, ọ̀kan kò sí ní ibi ìkójọ, mo sì kó o lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú èsì kan náà.

Èyí tó kẹ́yìn ló yà mí lẹ́nu. Orin kẹrin inú rẹ̀ wà lára àwọn tó ń ta tà-tà-tà tẹ́lẹ̀, mo tún un kó, ó ṣì ń ta, bẹ́ẹ̀ AccurateRip sọ pé èsì mi bá ti ẹni 31 mu. Mo wẹ̀ ẹ́, mo tún un kó, èsì kò yí padà. Mo wá gbé sídì náà padà sínú ẹ̀rọ ìgbọ́rin àtijọ́, mo sì fi ohun ìgbọ́rin sétí níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, torí àpótí ohùn inú yàrá ìgbàlejò ni mo fi ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ yìí wá. Ìró náà wà níbẹ̀. Bó ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é wá nìyẹn. Mo ti kọ ọ́ sí àyè àlàyé inú fáìlì náà pé orin kẹrin pé, pé ìró inú rẹ̀ jẹ́ ti sídì fúnra rẹ̀, kí n má baà tún gbìyànjú àtiṣàtúnṣe rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.